Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Windows 7 Bá Sọ́fítíwíà àti Ohun Èlò Tuntun Ṣiṣẹ́

Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft jáwọ́ nínú fífún Windows 7 ní ìmúdójúìwọ̀n ọ̀fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó ṣì ń rí díẹ̀ gbà títí di oṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn náà ó tán. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì ń lò ó, ìdí wọn sì mọ́gbọ́n dání. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ olówó ńlá tí dráífà rẹ̀ (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows bá ohun èlò ṣiṣẹ́) kò kọjá Windows 7. Ẹlòmíràn ní sọ́fítíwíà ìṣirò tí ẹni tó kọ ọ́ kò sí nídìí rẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ò lágbára tó lè gbé Windows 10, ká má tilẹ̀ dárúkọ Windows 11. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n to iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kó tò, torí pé nígbà tí èèyàn bá ní Windows 7 òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn ló fi ṣáájú.

Windows 7 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Ẹni tó ń lo Vista tàbí 8.1 lè tẹ̀lé ètò kan náà, àmọ́ nọ́ńbà àwọn ìmúdójúìwọ̀n, ẹ̀dà sọ́fítíwíà àti dráífà máa yàtọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ fi máòsì apá ọ̀tún tẹ Computer, kí ẹ yan Properties. Ohun méjì ni kí ẹ wò níbẹ̀: ṣé Service Pack 1 ti wà lórí rẹ̀, àti bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit. Windows 7 tó jẹ́ 32-bit kò lè lo RAM tó ju 4 GB lọ, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tuntun ni wọn kì í sì í ṣe ẹ̀dà 32-bit rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá máa tún Windows gbé sórí kọ̀ǹpútà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí processor rẹ̀ sì lè gbé 64-bit, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, 64-bit ni kí ẹ gbé síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo dísìkì náà pátá sórí dísìkì mìíràn. Windows 7 ní irinṣẹ́ tirẹ̀ fún èyí nínú Backup and Restore, Create a system image ni wọ́n pè é. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ Clonezilla ni mo fẹ́ràn jù, torí pé orí fíláàṣì ló ti ń tàn, kò ní kí Windows kọ́kọ́ yè kí òun tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò ẹ̀dà yìí gan-an ni ọjọ́ tí Windows ò ní tàn. Ẹ kó àwọn fáìlì dráífà yín náà pa mọ́ sí fódà kan, torí pé àwọn tó ń ṣe ohun èlò máa ń yọ dráífà àtijọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún ẹnì kankan.

Ohun kékeré kan ṣì wà táwọn èèyàn kì í kà sí: aago. Bí ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú iná, bátìrì inú mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́. Tí aago bá ti ṣìnà, gbogbo ìwé ẹ̀rí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì á máa dà bí èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí èyí tó ti kọjá àkókò, ojú ìwé kan ò sì ní ṣí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó máa wá ohun tó ṣe aṣàwákiri yín.

Ìpìlẹ̀ ni ìmúdójúìwọ̀n, ó sì ní bó ṣe ń tò

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á gbé Windows 7 tuntun kalẹ̀, á sì sáré lọ gbé sọ́fítíwíà ọdún yìí lé e lórí. Ẹ fún Windows fúnra rẹ̀ ní ohun tó kù fún un ná.

Bí Windows 7 yín ò bá tíì lè ṣí ojú ìwé tó dáa, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti gba àwọn fáìlì yìí láti orí Microsoft Update Catalog, kí ẹ fi fíláàṣì gbé wọn wá. Ẹ fi nọ́ńbà KB wá wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí Microsoft fi ń dá ìmúdójúìwọ̀n kọ̀ọ̀kan mọ̀. x64 ni ti 64-bit, x86 ni ti 32-bit. Bí wọ́n ṣe tò rèé:

1. KB976932. Service Pack 1 nìyẹn. Láìsí i, kò sí ìkankan nínú àwọn tó kù tó máa wọlé.

2. KB3020369, lẹ́yìn náà KB3125574. Èkejì yìí ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìmúdójúìwọ̀n tó jáde láti ìgbà Service Pack 1 títí di oṣù kẹrin ọdún 2016 pọ̀ sójú kan. Bí ẹ bá fo èkíní, èkejì á kọ̀.

3. KB4490628 àti KB4474419. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé méjì yìí. SHA-1 ni Microsoft ń fi buwọ́ lu àwọn fáìlì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní ọdún 2019 ló kó lọ sórí SHA-2. Windows 7 tí kò ní méjì yìí kò lè dá ìbuwọ́lù tuntun mọ̀. Ìmúdójúìwọ̀n tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà á máa kọ̀, dráífà tuntun á sì máa fi àmì ìkìlọ̀ yẹ́lò hàn nínú Device Manager pẹ̀lú Code 52. Mo ti rí àwọn tó dá ohun èlò tó dára padà fún ẹni tó tà á torí Code 52 yìí, nígbà tó jẹ́ pé ohun èlò náà ò ní àléébù kankan.

4. KB4536952, lẹ́yìn náà KB4534310, èyí tó jẹ́ àkójọ ọ̀fẹ́ tó kẹ́yìn ní oṣù kìíní ọdún 2020. Èyí ló sọ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àwọn kan di dúdú nígbà náà. Bó bá ṣe tiyín bẹ́ẹ̀, KB4539601 ni oògùn rẹ̀.

5. Àwọn tí sọ́fítíwíà máa ń béèrè fún: KB2999226, KB2670838 fún àwòrán, àti KB3063858. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ wá gbé .NET Framework 4.8 àti Visual C++ Redistributable 2015–2022 sí i. Bí 64-bit bá ni tiyín, x86 àti x64 Visual C++ náà méjèèjì ni kí ẹ gbé, torí pé sọ́fítíwíà 32-bit ṣì pọ̀ lórí ẹ̀rọ 64-bit.

Ẹ máa pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ sì tún un tàn nígbàkigbà tó bá béèrè. Kíkánjú níbí ló ń fa àwọn àṣìṣe tí ojú ò rí ìdí rẹ̀. Bí .NET 4.8 bá kọ̀ láti wọlé lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ pé òun ò lè kọ́ certificate chain dé orísun tó ṣeé gbọ́kàn lé, ìwé ẹ̀rí Microsoft Root Certificate Authority 2011 ni kò sí níbẹ̀. Ẹ gbà á láti orí ìkànnì Microsoft, kí ẹ gbé e sínú Trusted Root Certification Authorities, kí ẹ sì tún gbìyànjú.

Ó ku TLS, ìlànà tó ń dáàbò bo ìsopọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Windows 7 mọ TLS 1.2, ṣùgbọ́n ó pa á tì fún ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó ń gba inú rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé KB3140245 sí i, kí ẹ ṣí regedit, kí ẹ sì lọ síbí:

HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Internet Settings\WinHttp

Ẹ dá DWORD kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ DefaultSecureProtocols, kí iye rẹ̀ jẹ́ A00 ní hexadecimal. Lórí 64-bit, ẹ ṣe bákan náà lábẹ́ SOFTWARE\Wow6432Node\Microsoft, kí ọ̀nà tó kù bá a dọ́gba. Ẹ tún ṣí Internet Options, Advanced, kí ẹ fi àmì sí Use TLS 1.2. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó ń sọ pé òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i láti ìgbà yìí lọ.

Aṣàwákiri

Chrome 109 ni Chrome tó kẹ́yìn fún Windows 7, oṣù kìíní ọdún 2023 ló jáde. Firefox tó kẹ́yìn ni 115 ESR (ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ), Mozilla sì ti fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí Chrome ti lọ. Ìyẹn ni mo fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé Firefox ni kó jẹ́ àṣàyàn àkọ́kọ́. Ìdí kejì ni pé Firefox gbé TLS 1.3 àti ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ dání, kò dúró de ti Windows. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì Let's Encrypt gbára lé kọjá àkókò ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn sọ́fítíwíà tó gbójú lé Windows àtijọ́ nìkan ni ìṣòro bá.

Bí ìkànnì kan bá ní Firefox yín ti gbó jù, Supermium wà. Chromium tí wọ́n tún ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows àtijọ́ ni, ó sì ń ṣí ohun tí Chrome 109 ò lè ṣí mọ́. Ẹ rántí pé àwọn díẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi wo ojú ìwé, ẹ fi ka ìròyìn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà yìí wọ àkáǹtì báǹkì yín, aṣàwákiri yòówù kẹ́ ẹ lò. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ṣì ń gba ìmúdójúìwọ̀n ni kí ẹ fi ṣe ìyẹn.

Bí sọ́fítíwíà bá kọ̀, ẹ ka ohun tó sọ

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa àpótí àṣìṣe náà dé kí wọ́n tó kà á tán, bẹ́ẹ̀ àpótí yẹn gan-an ló ń sọ ohun tó kù.

Bó bá ní api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll ò sí, KB2999226 ló kù. Bó bá dárúkọ VCRUNTIME140.dll tàbí VCRUNTIME140_1.dll, Visual C++ ló kù. Ẹ má ṣe lọ gba fáìlì DLL kan ṣoṣo láti orí àwọn ìkànnì tó ń pín DLL láéláé. Ẹ ò mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ ò sì mọ ohun tó fi sínú rẹ̀.

Bó bá ní fáìlì náà kì í ṣe valid Win32 application, ó lè jẹ́ pé sọ́fítíwíà 64-bit lẹ fẹ́ ṣí lórí Windows 32-bit, tàbí kí fáìlì náà má wọlé tán nígbà tí ẹ ń gbà á. Ẹ lè fi àṣẹ yìí wo bóyá ó pé, kí ẹ fi èsì rẹ̀ wé èyí tí ìkànnì náà kọ síta:

certutil -hashfile orúkọfáìlì SHA256

Èyí tó le jù ni èyí tó ní òun ò rí procedure entry point kan nínú KERNEL32.dll. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sọ́fítíwíà náà ń béèrè iṣẹ́ tí Windows 8 tàbí 10 mọ̀ ọ́n ṣe, tí Windows 7 ò sì mọ̀ rí. Kò sí ìmúdójúìwọ̀n Microsoft tó máa fi kún un. Ọ̀nà méjì ló kù.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ẹ̀dà tó kẹ́yìn tó bá Windows 7 mu. Fún Python, 3.8 ni. Fún LibreOffice, 25.2 ni. VLC 3.0 àti 7-Zip kò ní wàhálà, àtijọ́ àti tuntun ni wọ́n ń bá ṣe. Ẹ̀dà àtijọ́ tó dúró ṣinṣin sàn ju tuntun tó ń gbọ̀n lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Gbàrà tí ẹ bá gbé e sí i tán, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ pa auto-update. Bí ẹ ò bá pa á, ó lè ṣe ìmúdójúìwọ̀n ara rẹ̀ lóru, kó sì kọ̀ láti ṣí láàárọ̀.

Ọ̀nà kejì ni VxKex. Ó máa ń dúró láàárín sọ́fítíwíà àti Windows 7, á sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí Windows 7 ò mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sí i, ẹ fi máòsì apá ọ̀tún tẹ fáìlì .exe sọ́fítíwíà náà, kí ẹ yan Properties. Ẹ máa rí ojú ewé VxKex níbẹ̀, kí ẹ fi àmì sí i fún sọ́fítíwíà yẹn nìkan. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyí, ẹ lè ṣí i fún ọ̀kan láìkan èkejì. Àmọ́ kò lè ran sọ́fítíwíà tó ń gbé dráífà tirẹ̀ wọlé lọ́wọ́, bí anti-virus tàbí eré tó ní anti-cheat.

Ohun èlò tuntun: ẹ wo dráífà kí ẹ tó sanwó

Ohun èlò tí kò bá ní dráífà Windows 7 lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é, ẹ má rà á. Kò sí ọgbọ́n tó borí ìyẹn.

USB 3.0 ló ń kọ́kọ́ yọ èèyàn lẹ́nu. Kò sí dráífà rẹ̀ nínú Windows 7. Láti ìgbà processor Intel Skylake ni mọ́dábọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìní ẹ̀rọ tó ń darí USB 2.0 fúnra rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fi fíláàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Windows 7 sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kíbọọ̀dù àti máòsì á kú lójú ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí ojú PS/2 bá wà, ẹ fi kíbọọ̀dù PS/2 ṣe é, ó tán. Bí kò bá sí, ẹ ti dráífà USB 3.0 bọ inú fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ṣáájú:

dism /Mount-Wim /WimFile:C:\w7\sources\boot.wim /Index:2 /MountDir:C:\mount
dism /Image:C:\mount /Add-Driver /Driver:C:\usb3 /Recurse
dism /Unmount-Wim /MountDir:C:\mount /Commit

Ẹ ṣe é fún Index 1 náà, kí ẹ sì tún ṣe é fún install.wim. Bí ẹ bá fo install.wim, kíbọọ̀dù á ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ń gbé Windows sílẹ̀, á sì kú nígbà tí Windows bá tàn.

SSD NVMe, irú SSD tuntun tó yára, náà ò ní dráífà nínú Windows 7. KB2990941 àti KB3087873 ló ń fún un, ọ̀nà dism kan náà lẹ máa gbà tì wọ́n wọlé, /Add-Package /PackagePath: ni kí ẹ lò dípò /Add-Driver /Driver:, láìsí /Recurse. Ká sọ òótọ́, SSD SATA ni mo máa rà fún irú kọ̀ǹpútà yìí. Kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín, Windows 7 sì mọ TRIM rẹ̀ (àṣẹ tó ń sọ àyè tó ti ṣófo fún SSD) láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àṣẹ yìí wò ó:

fsutil behavior query DisableDeleteNotify

Bó bá dáhùn 0, TRIM ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó máa ń mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yára bíi kéèyàn fi SSD rọ́pò dísìkì tó ń yí. Fún dísìkì ńlá tó ju 2 TB lọ, ẹ lè fi GPT, ọ̀nà tuntun tí a ń gbà pín dísìkì, kó fáìlì sí i láìsí ìṣòro, àmọ́ kí Windows fúnra rẹ̀ tó lè tàn láti orí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 64-bit lórí UEFI, ìyẹn BIOS ìgbàlódé. Nínú àwọn dísìkì tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ báìtì 4096, 4Kn ò bá Windows 7 mu, 512e (èyí tó ń ṣe bí ẹni pé báìtì 512 ni) nìkan ni.

Nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn), ẹ pa Secure Boot, kí ẹ sì tan CSM, èyí tó ń jẹ́ kí mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun gba Windows àtijọ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò ní CSM kì í ṣe ti Windows 7. Ní ti processor, Skylake ni Intel tó kẹ́yìn tí Microsoft fọwọ́ sí. Lórí Kaby Lake àti Ryzen, Windows Update á sọ fún yín pé hardware yín kò bá a mu, á sì dá ìmúdójúìwọ̀n dúró. Káàdì àwòrán NVIDIA RTX 30 ṣì ní dráífà fún Windows 7 64-bit, RTX 40 ò ní.

Wi-Fi ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Windows 7 ò mọ WPA3, ìlànà ààbò Wi-Fi tuntun. Bí ráútà tuntun yín bá wà lórí WPA3 nìkan, ẹ yí i sí WPA2/WPA3 àpapọ̀. Bí ó bá tún wá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ rí orúkọ Wi-Fi náà rárá, dráífà Wi-Fi àtijọ́ ni kò dá 802.11ax (Wi-Fi 6) mọ̀. Ẹ gbé dráífà tó kẹ́yìn sí i, tàbí kí ẹ pa ax lórí 2.4 GHz. Wáyà Ethernet rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Fóònù Android tí ẹ bá fi wáyà USB so mọ́ ọn, tí ẹ sì tan USB tethering, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú.

Ààbò

Àtúnṣe tó dí ihò tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa, gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ti jáde ní oṣù kẹta ọdún náà. Àwọn tí kò gbé e sí i ló lùgbàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé ìgbésẹ̀ òkè yẹn ti ní i, ẹ sì ti ní ti BlueKeep (ihò inú Remote Desktop, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn) tó jáde ní ọdún 2019. Àwọn ihò tí wọ́n ń rí láti ìgbà tí ìmúdójúìwọ̀n ti tán ni kò sẹ́ni tó máa bá yín dí, nítorí náà ẹ dín ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé kù.

Ẹ pa Remote Desktop. Ẹ pa SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows ń gbà pín fáìlì lórí network, nípa ṣíṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ:

Set-ItemProperty -Path "HKLM:\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\LanmanServer\Parameters" SMB1 -Type DWORD -Value 0 -Force

Ẹ dá àkáǹtì standard user sílẹ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí administrator wà fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan sí i nìkan. Ẹ má sì gbójú lé Windows Defender inú Windows 7, spyware nìkan ló ń lé, kì í ṣe anti-virus gidi. Bí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ máa fi fíláàṣì tí ẹ ti yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà tuntun gbé fáìlì lọ gbé e bọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ni lára, àmọ́ kò sí sọ́fítíwíà ààbò tó tó o.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá fẹ́ kú

Ẹ lè gbé Windows 7 náà kúrò lára ẹ̀rọ tó ń darúgbó kó lọ máa gbé inú VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Disk2vhd, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ Sysinternals ti Microsoft, máa ń sọ gbogbo dísìkì náà di fáìlì VHD kan nígbà tí Windows ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ dá ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ nínú VirtualBox, kí ẹ sì fi fáìlì náà ṣe dísìkì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Windows tún béèrè activation, torí pé lójú tirẹ̀ ohun gbogbo ló ti yí padà lára kọ̀ǹpútà.

Ohun èlò tó ń lo USB, VirtualBox lè fà á lé Windows 7 lọ́wọ́. Káàdì tí a kì bọ inú mọ́dábọ́ọ̀dù ni kò lè bá a lọ. Bí irú káàdì bẹ́ẹ̀ bá ni gbogbo iṣẹ́ yín rọ̀ mọ́, ẹ má tíì ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà nù. Ẹ wá mọ́dábọ́ọ̀dù àti power supply irú rẹ̀ pa mọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń rí i rà.

Nígbà tí Windows 7 bá tàn nínú VirtualBox, tí sọ́fítíwíà yín sì ṣí, ẹ pa network rẹ̀ nínú Settings, kí ẹ ya snapshot kan, ìyẹn ẹ̀dà ipò tó wà tí ẹ lè padà sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.